Ẹni Tí Àbẹ̀ní Ń Sá Fún

Ọjọ́ Ajé ni. Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ń lù lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìrókò nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn Bàbá Díákónì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi sì wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ apá. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo àpò náà, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo ránṣẹ́ pé o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ irọ́ pípa?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ kọ́ bí ẹ ṣe ń kọ."

"Ohun kan náà ni," ni wọ́n wí. "Àfi bí o bá kọ́ ọ dáadáa."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, mo mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi kò sí nínú èyí tí bàbá yín ń gbàdúrà fún. Bàbá tèmi náà kò gbàdúrà fún un. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ, ti ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba àkóso ilẹ̀ wa, tí reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, tí wọ́n ń kó àwọn géńdé láti abúlé lọ máa la ọ̀nà nínú igbó. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà gbà àti iye tí mo ń gbà lórí rẹ̀ kò ní adùn, nítorí náà n ó fò ó. Mo jẹun, mo wọṣọ, n kò sì tọrọ.

Lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lókìkí tó Bàbá Díákónì ní agbègbè wa nígbà náà. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń pè wọ́n ní Bàbá Olólùfẹ́ lẹ́yìn, wọn kò jẹ́ dán an wò lójú. Ọkùnrin tó le bí eegun ni wọ́n. Ìyàwó wọn, Màmá Rúùtù, ló kọ́kọ́ là mí lóye nípa wọn nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ kejì tí mo dé.

"Ẹni tí ò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn mi láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀," ni Màmá wí, "òun ló ń kọ́ gbogbo ayé ní ìfẹ́. Máa wò ó, ọmọ mi. Bí o bá rí ibi tó ti ń rí i kọ, kí o pè mí."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá fún mi ni pé kí n kọ bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ní abúlé ṣe pàdé ní ìgbà náà. Mo kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọ̀sàn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wo ara wọn lójú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ dídùn. Nígbà tí Bàbá kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Láti ojú ewé kìíní títí dé ìkarùn-ún," ni wọ́n wí, "ọmọbìnrin yìí kò pọn omi, kò ṣẹ́ igi, kò dáná. Ṣé ìyá rẹ̀ ti kú ni?"

Mo ní, "Kò kú, sà."

"Kí ló dé tí kò tíì pariwo pè é? Ẹ̀dá ìtàn tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, iwin ni. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ iwin." Wọ́n tún wo ìwé náà. "Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì nìyí? Ó wá jókòó tì í?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti kùnà. Nígbà yẹn, bí alárinà bá ti dé inú ọ̀rọ̀, tí ìdílé méjèèjì sì ti gbà, ọmọbìnrin kì í dúró kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí òun. Bó bá fojú kan ọkùnrin náà tàbí ará ilé rẹ̀ lọ́nà, yóò sá ni: yóò wọ igbó, tàbí kó lúgọ sẹ́yìn igi, tàbí kó fi aṣọ bojú títí wọn yóò fi kọjá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìtìjú rere ni. Mo ti kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìdí ìtàn, ìfẹ́ tí mo rí nínú sinimá ni mo lọ yá.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ṣẹ́. Bí mo bá kọ pé ẹnì kan bínú, Bàbá á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, "Ta ló rí i?" Bí mo bá kọ pé ọkàn ọmọbìnrin kan ń lù kìkì, wọ́n á kọ ọ́ pé, "Ṣé ìwọ ni dókítà rẹ̀?" Mo kọ ọ́ nígbà kan pé ìyàwó tuntun pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní orúkọ. Màmá Rúùtù ni Bàbá pè, wọ́n ní kí n ka gbólóhùn náà sí wọn létí. Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Yéè! Wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta nìyẹn!" Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ní orúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Yóò fún un ní orúkọ mìíràn ni: Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, Adúmáradán. Nínú orúkọ tó bá fún wọn ni ẹni tó ń kàwé yóò ti mọ̀ bóyá ilé náà tù ú lára. Mo kọ́ ìyẹn, n kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún kẹta tí mo ti wà lọ́dọ̀ Bàbá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ti sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún mi.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ará ilé kan tó ń bá ìyá wọn jà pariwo níta gbangba pé, "Ìwọ tí a fi tipátipá mú wọlé yìí! Ìwọ tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí o bá rí ọmọ wa lò ń sá!" Ìyá wọn, Àbẹ̀ní, kàn yí ẹ̀yìn sí i. Ó wọlé lọ. Bàbá wọn, Àkànjí, kò sí nílé. Bàbá Díákónì kò bi ìyá wọn léèrè títí ó fi kú, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń bi ìyá rẹ̀.

"Mo ti kọ ìtàn ìfẹ́ gbogbo ènìyàn tán," ni Bàbá wí. "Tiwọn ni n kò lè kọ. Bí n bá kọ ọ́ pé ìyá mi fẹ́ bàbá mi, ta ló rí i? Bí n bá kọ ọ́ pé kò fẹ́ ẹ, ọmọ kí ni èmi?"

Mo ní, "Ṣùgbọ́n sà, ṣebí gbogbo ọmọbìnrin ló ń sá nígbà náà?"

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ọkọ rẹ̀ ń sá, ẹni tí kò fẹ́ ẹ ń sá. Ẹ̀rí wo ló wà nínú sísá?"

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n má lè kàwé mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ kí ó tó di pé ilẹ̀ ṣú pátápátá.

Àwọn ìyá àgbà méjì kan ṣì wà ní abúlé Àbẹ̀ní, lẹ́bàá Akanran, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọge pẹ̀lú rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n: Ìyá Àṣàkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, Ìyá Àjọkẹ́ ni àbúrò. A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Bàbá Díákónì, ọkùnrin tí gbogbo Ìrókò ń bẹ̀rù, dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọmọ Àbẹ̀ní!" Ìyá Àṣàkẹ́ wí. "Orí rẹ ti pá tó báyìí? Dìde. Ta ni ọmọbìnrin gbẹrẹfu yìí? Ìyàwó?"

Bàbá ní, "Rárá o, Ìyá. Ọmọṣẹ́ mi ni."

"Àwọn ọmọṣẹ́ náà kì í jẹun?"

Lẹ́yìn tí wọ́n bú mi tẹ́rùn, Bàbá béèrè ohun tó gbé wọn wá. Wọ́n fi ọgbọ́n béèrè rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ìyá mi sọ́nà, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń sá fún bàbá mi?"

"Ó ń sá kẹ̀!" Ìyá Àṣàkẹ́ dáhùn. "Ta ni kì í sá? Èmi sá fún ọkọ tèmi títí mo fi já sínú kòtò."

"Kòtò tí ẹ ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni Ìyá Àjọkẹ́ wí.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, Àjọkẹ́."

"Kòtò tí ọkọ yín fúnra rẹ̀ wá fà yín jáde níbẹ̀! Ṣé mo purọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé ó wu ìyá mi ni, àbí kò wù wọ́n?"

Ìyá Àṣàkẹ́ ní, "Ọmọ Àbẹ̀ní, sísá ni sísá. Kò sí ẹni tó mọ inú ẹnì kejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Àjọkẹ́ wí, wọ́n sì gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi tí n kò fẹ́ tèmi, ṣé ẹ rántí ibi tí mo ń gbà re oko? Ọ̀nà ìpàdò ni. Mo mọ̀ pé kò lè sí níbẹ̀. N kò fẹ́ rí i débi pé n ó sá fún un. Níbo ni Àbẹ̀ní ń gbà?"

Ìyá Àṣàkẹ́ rò ó. "Ọ̀nà Ajẹ́lẹ̀."

"Ọ̀nà Ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń là lọ́wọ́ fún òyìnbó! Tí Àkànjí àti àwọn géńdé ìyókù ń gbé àáké níbẹ̀! Èwo ló yá dé oko bàbá rẹ̀ nínú méjèèjì?"

"Ọ̀nà ìpàdò ni."

"Kí ló wá ń wá ní ọ̀nà Ajẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́?" Ìyá Àjọkẹ́ yíjú sí Bàbá. "Màá sọ fún ọ, ọmọ Àbẹ̀ní. Ó ń rìn jìnnà kí ó lè rí ẹni tí yóò sá fún."

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n tún un dé.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀, nítorí bí a ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo bi Ìyá Àjọkẹ́ pé, "Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe pé odò kún ni?"

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ni."

"Ṣé kì í ṣe pé ọ̀nà tuntun mọ́ ju ti àtijọ́ lọ?"

"Ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là? Kùkùté ló kún un! Ẹsẹ̀ Àbẹ̀ní kì í jinná." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé lọ́yà ni ọ́?"

Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá ní, "O béèrè dáadáa." Ìyìn kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi ní ọdún yẹn nìyẹn.

Èmi ni mo kọ ìwé náà, nítorí pé ojú Bàbá kò gbé e mọ́. Wọ́n ń sọ, mo ń kọ; mo ń kọ, wọ́n ń tú u. Mo wá rí i pé òfin tí mo rò pé yóò ba ìtàn ìfẹ́ jẹ́ gan-an ló hun ìtàn náà. Bí Àbẹ̀ní bá lè dúró bá Àkànjí sọ̀rọ̀, ìtàn tán nìyẹn. Nítorí pé kò lè dúró, gbogbo nǹkan di ọ̀rọ̀: ibi tó gbà, bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó sá, bóyá ó jẹ́ kí etí gèlè rẹ̀ yọ lẹ́yìn igi.

Bírò ni mo fi kọ ọ́, lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́ lórí tapuráítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù kọ̀wé kò mọ ìyà tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn. Kò mọ àmì kankan. Ọwọ́ ni a fi ń fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ àti ìdí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbójú fo àmì kan péré nínú ìwé mìíràn, ọkọ́ sì di ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan ṣe gbé ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká, tó gba oko lọ. Àwọn ènìyàn ń bi mí léèrè bí ọkùnrin náà ṣe wúwo tó.

Àmọ́ ẹ̀rín ni ìyẹn. Ti ìwé Àbẹ̀ní kì í ṣe ẹ̀rín.

A gbé e fún ilé ìtẹ̀wé kan ní ìgboro. N kò ní dárúkọ wọn, wọn kò tilẹ̀ sí mọ́. Nígbà tí ìwé náà jáde, mo jókòó ti Bàbá láti kà á fún wọn. Ilẹ̀ ti ṣú fún wọn pátápátá nígbà náà. Mo kà á dé ibi tí Àbẹ̀ní ti ń bọ̀ lọ́nà Ajẹ́lẹ̀ tó rí Àkànjí, mo sì rí ohun tí n kò kọ. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, kò sá. Ó sáré lọ bá a ni, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn níṣojú gbogbo géńdé.

Mo lè fò ó. Bàbá kò ní mọ̀. Mo kà á.

Wọ́n ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ìyá mi nìyẹn?"

Màmá Rúùtù dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ìyá ta ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti rí i, kì í ṣe ará ibí!"

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí iṣẹ́ náà bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní, "Àǹtí, àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí wọ́n bá rí i tó ń sá, wọ́n á rò pé kò fẹ́ ẹ ni." Mo ní ohun tí ìwé náà dá lé gan-an nìyẹn. Ó ní a ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó di ìgbà mìíràn. Kò tó oṣù kan tí Ìyá Àṣàkẹ́ fi ránṣẹ́ láti abúlé. Ọmọ-ọmọ wọn ti ka ìwé náà fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún ọmọ Àbẹ̀ní pé ọwọ́ ọkùnrin kò kan ìyá rẹ̀ lójú títì rí. Tèmi, ọkọ mi fà mí jáde nínú kòtò, mo gbà. Tirẹ̀, rárá."

Èyí ni àdánù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ mi. Ará ilé tó pariwo níta lọ́jọ́ náà ti pe Àbẹ̀ní ní ẹni tí kò fẹ́ ọkọ. Ìwé wa wá sọ ọ́ di ẹni tí kò nítìjú. Mo rò pé Bàbá yóò lé mi. Wọ́n ní, "Irọ́ burúkú kọ́ ni wọ́n pa. Irọ́ tó rọrùn ni wọ́n pa. Òun ló burú jù. Jókòó, kọ òmíràn."

Mo kọ òmíràn, mo sì kọ òmíràn lé e. Ìwé tèmi ń tà díẹ̀díẹ̀. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo sì ń lọ sí Ìrókò. Tapuráítà fún kọ̀ǹpútà láyè. Kọ̀ǹpútà mọ àmì, ṣùgbọ́n bí a bá gbé iṣẹ́ lọ sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, gbogbo àmì á di àpótí kékeré. A tún kọ́ ìyẹn. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé yẹn kógbá sílé, ìwé Àbẹ̀ní padà sọ́wọ́ wa, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà méjèèjì ti sùn nígbà náà. Bàbá ṣì wà, wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́.

Mo ka èyí tó tọ́ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Mo ti fi gbólóhùn kan parí orí náà: "Àbẹ̀ní fẹ́ràn Àkànjí."

"Ó dára," ni Bàbá wí. "Yọ gbólóhùn ìkẹyìn kúrò."

"Ṣùgbọ́n sà, òun ni ẹ ń wá láti ọjọ́ yìí."

"Ta ló rí i? Ọ̀nà ni wọ́n rí. Fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn."

Màmá Rúùtù ní, "Èmi náà, Díákónì, ọ̀nà wo ni mo rí?"

"Ta ló ń bá ọ gbé garawa láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ọ́? Pẹ̀lú ojú tí kò ríran?"

Màmá Rúùtù ní, "Garawa tí ẹ ń dànù sí mi lẹ́sẹ̀," wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá kú ní àlàáfíà lẹ́yìn náà, ìwé tó tọ́ sì wà nílẹ̀. Mo ń bá iṣẹ́ lọ títí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo sì fi í sílẹ̀ ní àkókò tó yẹ. Inú mi dùn sí i. Bí ọmọ mi bá fẹ́ ṣe é, n kò ní dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ ní kó lọ pọn omi.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì rí nọ́ńbà mi, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ka ìwé Àbẹ̀ní. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ dájú pé ọ̀nà kan jìn ju èkejì lọ? Bóyá ìyá yẹn kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí inú Bàbá lè dùn."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi tí mo ń bi gbogbo ayé pé ta ló rí i, n kò bi ara mi ní ìyẹn. Ìyá Àjọkẹ́ fẹ́ràn ọmọ Àbẹ̀ní. Ènìyàn lè purọ́ nítorí ìfẹ́. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, kò sí ohun kan nínú ìwé náà tó dúró.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé náà. Ọmọ-ọmọ Ìyá Àjọkẹ́, àgbẹ̀ ni, mú mi lọ sí ibi tí ilé bàbá Àbẹ̀ní wà tẹ́lẹ̀, ó sì fi oko wọn hàn mí. Ọ̀nà ìpàdò ṣì wà láàárín kòkó àti ẹ̀gẹ́. Mo kọ́kọ́ gbà á. Òógùn kò tíì bo iwájú mi tí mo fi dé oko. Ọkùnrin náà ní kí á gba ibẹ̀ padà, mo ní rárá, mo fẹ́ gba ọ̀nà Ajẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ mọ́. Ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe é báyìí, ọ̀kadà ló ń gbà á."

Mo ní kó jẹ́ kí á rìn ín. Ọ̀nà náà yí òkè kan po. Ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tún sọ̀, ó tún gun òkè mìíràn. Mo jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo dìde, mo tún jókòó. Oòrùn ti yí sí ìwọ̀ oòrùn kí á tó tún rí òrùlé abúlé.

Bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀, n kò mọ̀. N kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn. Mo rìn ín.